Ìwádìí Tí Kò Di Ọjà Kì í Ṣe Ìfowóṣòfò

Èrò kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwọn alákòóso ìjọba, àwọn oníléeṣẹ́ àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ yunifásítì fúnra wọn ní Nàìjíríà, pé iṣẹ́ ìwádìí tí a bá ṣe ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ kò ní láárí àyàfi bí ó bá bí ohun kan tí a lè gbé lọ sọ́jà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ayẹyẹ ìgboyèjáde tí àlejò pàtàkì kan kò ní dìde níbẹ̀ kí ó sọ pé eruku ti bo àbájáde ìwádìí lórí pẹpẹ, pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń kọ̀wé fún ara wọn kà, àti pé kí ìjọba má ṣe náwó mọ́ lé iṣẹ́ kankan tí kò ní oníbàárà tó ń dúró dè é. Èrò yìí dùn létí, nítorí ó jọ pé ó ń gbèjà ẹni tó ń san owó-orí. Bí a bá tú u wò fínnífínní, a ó rí i pé ó gbé ẹ̀bi lé ẹni tí kò jẹ ẹ́ lórí, ó sì ń dábàá àtúnṣe tí yóò ba ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù jẹ́.

Kò ṣòro láti mọ ibi tí èrò náà ti rí agbára. Láàárín ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí owó epo rọ̀bì ti mú kí ìjọba ní ìrètí ńlá ni wọ́n dá àwọn yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀: ti Òwerri ní 1980, ti Àkúrẹ́, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí FUTA, ní 1981, ti Minna ní 1983. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá èyí tó wá di LAUTECH sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1990, ó sì tún ṣí First Technical University ní Ìbàdàn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní 2017. Ìlérí tí wọ́n ṣe fún ará ìlú nígbà náà ni pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí yóò jẹ́ kí orílẹ̀-èdè máa ṣe ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá wo àwọn ọjà tó kún inú ṣọ́ọ̀bù lónìí, tí ó rí i pé láti òkèèrè ni ọ̀pọ̀ jù lọ ti ń wá, kò jẹ̀bi bí ó bá béèrè ibi tí ìlérí náà wọlẹ̀ sí. Òótọ́ sì ni pé àwọn ìwé ìwádìí kan wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ti kọ rárá: èyí tí wọ́n kọ kìkì nítorí ìgbéga, tí wọ́n sì sanwó láti tẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà tí kì í yẹ iṣẹ́ kankan wò kí ó tó gbà á. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbèjà yunifásítì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba èyí, kò sì sí ohun tó lè ba iyì àwọn olùkọ́ jẹ́ ju pé kí wọ́n sẹ́ ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí kò dára kò dára ni, ìbáà ní oníbàárà tàbí kò ní. Ohun tó wà níbi àríyànjiyàn yìí ni iṣẹ́ tó dára, tí a ṣe dáadáa, tí kò sì sí ẹni tí yóò rà á.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀, ó sì yẹ kí a ṣàlàyé wọn. Àwọn onímọ̀ a máa sọ̀rọ̀ nípa ìwádìí ìpìlẹ̀, èyí tó ń wá bí nǹkan ṣe rí àti ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, wọn a sì máa fi í wé ìwádìí ìmúlò, èyí tó ń wá bí a ṣe lè fi ohun tí a ti mọ̀ yanjú ìṣòro kan pàtó. Láàárín méjèèjì ni oríṣi kan wà tí kì í wọ inú ọ̀rọ̀ ayẹyẹ: ìwọ̀n ọlọ́jọ́ pípẹ́, ìyẹn kí a fi ẹ̀rọ wọn ohun kan náà ní ibì kan náà, lójoojúmọ́, fún ọdún mẹ́wàá tàbí ogún, kí a sì tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀ láìjẹ́ kí ó já. Kò sí iṣẹ́ tó súni tó o, kò sì sí èyí tí ìmọ̀ ẹ̀rọ ń gbára lé tó o.

Àpẹẹrẹ kan tó ṣe kedere wà ní Àkúrẹ́. Gbogbo ẹni tó ní àwo sátẹ́láìtì lórí òrùlé ló mọ̀ pé bí òjò ńlá bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, àwòrán orí tẹlifíṣọ̀n a máa fọ́, a sì parẹ́ títí òjò yóò fi dá. Ohun tó fà á ni pé ìgbì rédíò tó ń gbé àwòrán náà bọ̀ láti ojú ọ̀run, pàápàá èyí tó ń gbọ̀n ju bílíọ̀nù 10 ìgbà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, máa ń pàdánù agbára rẹ̀ bí ó ti ń la inú òjò kọjá, nítorí ẹ̀kán òjò kọ̀ọ̀kan a máa gba díẹ̀ nínú agbára náà mì, a sì tú díẹ̀ ká. Ẹni tó bá fẹ́ ṣètò ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ tí òjò kò ní máa gé gbọ́dọ̀ mọ bí òjò àdúgbò ibẹ̀ ti ń le tó. Iye òjò ọdún tàbí ti oṣù kò tó fún un, ìṣẹ́jú kan sí èkejì ni ó ń fẹ́. Òṣùwọ̀n tí ITU, àjọ àgbáyé tó ń ṣètò ìbánisọ̀rọ̀, ń lò jù ni bí òjò ti ń le tó tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìdá 0.01 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo àkókò ọdún, èyí tí í ṣe nǹkan bí ìṣẹ́jú 53 péré. Òjò ọdún kan ṣoṣo kò lè fi ìṣẹ́jú 53 wọ̀nyẹn hàn, nítorí ọdún kì í dọ́gba. A kò sì lè yá nọ́mbà náà lọ́wọ́ àwọn ará Yúróòpù, nítorí òjò tiwọn sábà máa ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún wákàtí gbọọrọ, nígbà tí òjò ilẹ̀ olóoru a máa já lulẹ̀ pẹ̀lú ìjì láàárín ìgbà kúkúrú, tí líle rẹ̀ sì lè kọjá mílímítà 100 ní wákàtí kan.

Àwọn onímọ̀ físíìsì ní FUTA ti fi ọ̀pọ̀ ọdún lépa ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ń wọn òjò, wọ́n ń wọn bí ẹ̀kán rẹ̀ ti tóbi tó, wọ́n sì ń wọn bí ó ti ń dín agbára ìgbì kù. Ta ni oníbàárà wọn? Kò sí ọ̀nà tí a lè gbà di líle òjò Àkúrẹ́ sínú páálí. Ilé-iṣẹ́ tó bá sanwó fún ìmọ̀ náà ti sanwó fún alátakò rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí gbàrà tí nọ́mbà bá ti di mímọ̀ ni gbogbo ẹni tó ń gbé àwo ró, tó ń ṣètò òpó ìbánisọ̀rọ̀, tó ń ya afárá tàbí gọ́tà ìlú lè mú un lò. Ohun tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ń pè ní àǹfààní gbogboogbò nìyí: ohun tí ẹnì kan lè lò láìjẹ́ pé ó dín kù fún ẹlòmíràn, tí a kò sì lè fi kọ́kọ́rọ́ tì. Ọjà kì í pèsè irú ohun bẹ́ẹ̀ tó bí a ti nílò rẹ̀. Nítorí èyí gan-an ni a fi ń gba owó-orí, kì í sì í ṣe ìwà ọ̀lẹ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ló fa á.

Ìjọba Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ló yẹ kí ó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò mọ èyí. Ní 2007 ni wọ́n fi sátẹ́láìtì ìbánisọ̀rọ̀ NigComSat-1, tí wọ́n rà lọ́wọ́ Ṣáínà, ránṣẹ́ sí ojú ọ̀run. Ó bàjẹ́ ní 2008 nítorí ìṣòro agbára iná inú rẹ̀, èyí tí òjò kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, wọ́n sì fi NigComSat-1R rọ́pò rẹ̀ ní Oṣù Kejìlá 2011. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀nà ìgbì tó wà lára èyí tuntun wà ní ìpele tí wọ́n ń pè ní Ku, àwọn mìíràn sì wà ní ìpele Ka tó ga jù ú lọ, ìpele méjèèjì sì ni òjò ilẹ̀ olóoru máa ń dà láàmú. Orílẹ̀-èdè kan ra ohun tó wà lójú ọ̀run, ó sì ń bínú sí ẹni tó dúró sílẹ̀ tó ń wọn òjò tó ń dí i lójú, pé kò rí nǹkan kan tà.

Bí a bá tilẹ̀ fẹ́ bèèrè ohun tó ń dá iṣẹ́ Àkúrẹ́ àti irú rẹ̀ dúró ní tòótọ́, a kò ní rí i lórí pẹpẹ tí eruku bò. Ìgbà tí ìjì ńlá bá jà ni iná mànàmáná sábà máa ń lọ, ìgbà ìjì yẹn náà sì ni ìṣẹ́jú tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ọdún. Bí bátìrì ẹ̀rọ bá ti gbó, àlàfo ló máa wà nínú àkọsílẹ̀ níbi tí ó yẹ kí nọ́mbà tó ga jù wà, ẹni tó bá sì ṣe ìṣírò lórí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò rò pé òjò Àkúrẹ́ kò le tó bí ó ti rí. Àrá a máa sán ba ẹ̀rọ jẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, ìyẹn òṣìṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ inú láàbù, lè ti fẹ̀yìn tì láìsí ẹni tó rọ́pò rẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ ní 2020 bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹta, ó sì parí ní Oṣù Kejìlá. Ti 2022 gba oṣù mẹ́jọ gbáko, láti ọjọ́ 14 Oṣù Kejì sí ọjọ́ 14 Oṣù Kẹwàá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ìgbà òjò tán. Ní Oṣù Kẹrin 2024, owó iná fún àwọn tó wà ní ẹgbẹ́ A, tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún, gòkè láti nǹkan bí náírà 68 sí 225 lórí ìwọ̀n iná kọ̀ọ̀kan, ó sì ká àwọn yunifásítì mọ́. Àwọn àgbà ní a kì í fi oníjà sílẹ̀ gbájú mọ́ alápẹpẹ. Níbí yìí, wọ́n fi oníjà sílẹ̀, wọ́n ń bá ẹni tí ìjà náà ṣe léṣe wí.

Àwọn tó gbà pé eruku orí pẹpẹ ni ẹ̀rí ìfowóṣòfò yóò ṣe dáadáa bí wọ́n bá yẹ ìtàn gààrí tí wọ́n ń jẹ wò. Láti àwọn ọdún 1930 ni àwọn olùwádìí ní Amani, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Tanzania lónìí, ti ń mú ẹ̀gẹ́ gba irú láti ara ìbátan rẹ̀ inú igbó tí kì í ṣe jíjẹ, nítorí àtiborí àrùn mosaic, tó máa ń sọ ewé ẹ̀gẹ́ di kíká, tó sì ń fi àmì ràkọ̀ràkọ̀ sí i lára. Irúgbìn láti ibẹ̀ dé ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ Moor Plantation ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1950, wọ́n sì yan ọ̀kan nínú àwọn tó hù jáde, wọ́n fún un ní nọ́mbà 58308. Àrùn kò lè mú un bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ta dáadáa, nítorí náà kò sí àgbẹ̀ tí yóò fẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá fi òṣùwọ̀n ọjà díwọ̀n rẹ̀ nígbà náà, wọn ì bá ti hú u dànù. Wọ́n pa á mọ́. Nígbà tí wọ́n dá IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, tí onímọ̀ ọmọ Kòríà kan, S. K. Hahn, sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ ní 1971, 58308 yẹn ni wọ́n mú ṣe òbí fún àwọn irú tuntun, tí TMS 30572 wà lára wọn, èyí tó tàn ká oko Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn nítorí pé ó ta dáadáa tí àrùn kò sì tètè pa á. Láti Amani dé oko àgbẹ̀ ju ogójì ọdún lọ. Kò sí fọ́ọ̀mù ìbéèrè owó ní Nàìjíríà òde òní tí ẹnikẹ́ni lè kọ ogójì ọdún sí.

Àkókò kan náà ni ewu mìíràn dé. Kòkòrò funfun kékeré kan, tí orúkọ ìmọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Phenacoccus manihoti, wọ Áfíríkà láti Gúúsù Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó sì ń fa omi lára ọ̀gọ́mọ̀ ẹ̀gẹ́ títí yóò fi rọ. Wọ́n wá ọ̀tá àdánidá rẹ̀ lọ sí apá àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí kòkòrò kan níbẹ̀ tó jọ ọ́ gidigidi, àfi ìgbà tí àwọn tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n máa ya kòkòrò kan sọ́tọ̀ sí èkejì lábẹ́ ẹ̀rọ awò-ohun-kékeré sọ pé kì í ṣe òun. Ní 1981 ni Anthony Bellotti rí ojúlówó rẹ̀ ní Paraguay, níbi tí agbọ́n kéékèèké kan ti ń pa á jẹ. Wọ́n kó agbọ́n náà wá sí Ìbàdàn lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n tú u sílẹ̀, ó sì fò lọ sí oko gbogbo àgbẹ̀ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Hans Herren, tó ṣáájú iṣẹ́ náà, gba ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé ní 1995. Bí ẹnì kan bá dúró ní 1970 kí ó bèèrè owó láti máa to àwọn kòkòrò ara ewé sí ìsọ̀rí wọn, irú àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí pèpéle ìgboyèjáde ni yóò kọ́kọ́ fi ṣẹ̀sín.

Wọn a máa dáhùn pé owó ilẹ̀ òkèèrè ni IITA ń ná, pé Nàìjíríà kò ní owó fún irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Wọn a sì tún tọ́ka sí Amẹ́ríkà, pé níbẹ̀ ni yunifásítì ti ń ta ìmọ̀ tí ó sì ń lówó. Ìtàn tí wọ́n ń sọ yìí kò pé. Òfin tí wọ́n ń pè ní Bayh-Dole, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Oṣù Kejìlá 1980, fún àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà láyè láti ní ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí òfin fi ń jẹ́ kí ẹni tó hùmọ̀ nǹkan nìkan máa tà á fún iye ọdún kan, lórí ohun tí owó ìjọba àpapọ̀ bá mú jáde. Owó ìjọba àpapọ̀ ló ṣáájú. Òfin náà kò dín in kù. Títí di òní, owó tí àwọn yunifásítì wọ̀nyẹn ń rí lórí títa ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ jẹ́ apá kékeré lára ohun tí wọ́n ń ná lórí ìwádìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì rí nǹkan kan tó jọni lójú níbẹ̀. Google tí gbogbo ẹnu ń dá orúkọ rẹ̀, láti inú iṣẹ́ ìwádìí lórí ilé-ìkàwé orí kọ̀ǹpútà ní Stanford ni ó ti jáde, àjọ ìjọba tó ń ṣonígbọ̀wọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, NSF, ló sì wà lára àwọn tó sanwó rẹ̀. Ilé-ìkàwé ni wọ́n ní àwọn fẹ́ tún ṣe. Kò sí ẹni tó ṣèlérí ọjà.

Ọ̀rọ̀ oníbàárà tún ní àìsàn mìíràn nínú ní Nàìjíríà. Bí a bá tilẹ̀ gbà pé kí yunifásítì máa ṣe ohun tí ilé-iṣẹ́ ń fẹ́, ilé-iṣẹ́ wo? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe ọjà ní Ìkẹjà àti Àgbárá jẹ́ ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ òkèèrè, ibi tí olórí wọn wà ni wọ́n sì ti ń ṣe ìwádìí wọn. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti yàn níbẹ̀ ni wọ́n ń kó wá síbí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ́kọ́ ń fojú rí èyí. Ètò SIWES, tí ITF, àjọ tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, dá sílẹ̀ ní 1973 kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi oṣù mẹ́fà kọ́ bí iṣẹ́ ti ń lọ lóde, dára nínú ìwé, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tó bá lọ sí ibi tí kò ti sí ẹ̀ka ìwádìí, tí a kì í ti í ya ohun tuntun, kò ní rí ju pé kí ó máa ka mítà, kó máa to fáìlì, kó sì máa ra oúnjẹ fún ọ̀gá. Oníbàárà tí wọ́n ní kí yunifásítì máa dúró dè kò tíì bí.

Ohun tí irú ìbéèrè yìí ń mú jáde nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ni àfihàn. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń pàgọ́, tí wọ́n ń to ẹ̀rọ sí orí tábìlì, tí gíwá yunifásítì ń mú àlejò rìn káàkiri, tí àwọn oníròyìn ń ya fọ́tò dúróònù àti mọ́tò tí wọ́n fi irin àlòkù ṣe. Kò sí ohun tó burú nínú kí ọ̀dọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan. Ẹ̀kọ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n bí owó àti ìyìn bá ti ń tẹ̀lé ohun tó ṣeé yà ní fọ́tò, akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ láti ṣe ohun tó ṣeé yà ní fọ́tò. Láti ọdún yìí dé ọdún yẹn ni ìròyìn a máa jáde pé ẹnì kan ti ṣe jẹnẹrétọ̀ tó ń fi omi nìkan ṣiṣẹ́. Onímọ̀ ẹ̀rọ tó bá ti kẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì dáadáa ló yẹ kí ó lè ṣàlàyé pé agbára tí a ó fi pín omi sí háídrójìn àti ọ́síjìn kò lè kéré sí agbára tí a ó rí nígbà tí a bá tún sun wọ́n pọ̀, pé nínú ẹ̀rọ gidi ó tilẹ̀ máa ń pọ̀ jù ú lọ, nítorí ooru ń bá díẹ̀ lọ. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ni ó yẹ kí ó dúró ní gbangba sọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣòro fún un láti sọ ọ́, nígbà tí òun náà ti gbà pé ohun tó bá dùn ún wò lórí tábìlì ni ìwádìí. Ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun ti àjọ NUC tó ń mójú tó àwọn yunifásítì, èyí tó jáde ní 2022, ti fi ẹ̀kọ́ ìdásílẹ̀ òwò di dandan fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, ìyẹn kò burú. Ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀rọ ìwọ̀n tí a sì ń fi òdodo kọ àṣìṣe ìwọ̀n sílẹ̀ ni ojú ń wá káàkiri.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Láti 1993 ni òfin ti ń gba owó-orí ẹ̀kọ́ lára èrè àwọn ilé-iṣẹ́, ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà náà, tí ó gòkè dé ìdá 3 ní 2023, kí òfin owó-orí ti 2025 tó pa á pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn sínú owó-orí ìdàgbàsókè kan ṣoṣo. TETFund, àjọ tó ń ná owó yìí lábẹ́ òfin ọdún 2011, ti ṣe ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré: kò sí ọgbà yunifásítì ìjọba tí a kò ti ní rí orúkọ rẹ̀ lára ilé. Ṣùgbọ́n ilé ni ó rọrùn láti fi hàn, nítorí náà ilé ni a rí jù. Ní 2020, ìjọba fọwọ́ sí bílíọ̀nù 7.5 náírà fún àpò ìwádìí àpapọ̀ tí TETFund ń bójú tó, tí àwọn olùwádìí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba jọ ń dupò rẹ̀. Nígbà náà, ó tó nǹkan bí ogún mílíọ̀nù dọ́là. Lẹ́yìn tí náírà já wálẹ̀ láti Oṣù Kẹfà 2023, iye kan náà kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là lọ, bẹ́ẹ̀ dọ́là ni a fi ń ra kẹ́míkà àti ẹ̀yà ara ẹ̀rọ. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ti ṣèlérí láti máa fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ ajé wọn ṣe ìwádìí. Nàìjíríà kò tíì sún mọ́ ọn rí. Ẹni tó bá ń sọ pé a ti náwó lórí ìwádìí tí kò sì sí èrè, kó kọ́kọ́ wá owó náà jáde.

Ibi tí ìjọba bá fi sílẹ̀, ẹlòmíràn a gbà á. FUTA ní ilé ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé kan lórí ojú ọjọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lábẹ́ WASCAL, ètò tí ilé-iṣẹ́ ìjọba Jámánì fún ìwádìí ń ṣonígbọ̀wọ́ rẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní agbègbè yìí sì ń wá síbẹ̀. Iṣẹ́ ìjìnlẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, ọpẹ́ ni ó sì yẹ Jámánì. Ṣùgbọ́n kí olùkàwé wo bí ọ̀rọ̀ ti rí: ìjọba tó wà ní Berlin rí i pé ó tọ́ láti sanwó kí a lè mọ bí òjò ṣe ń rọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, nígbà tí àwọn tí òjò náà ń rọ̀ lé lórí ń bèèrè oníbàárà. Ẹni tó bá sanwó ni yóò yan ìbéèrè, kò sì sí ẹ̀tàn nínú èyí. Bí nǹkan ti rí níbi gbogbo ni. Ní Ẹdẹ, ní Yunifásítì Redeemer, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ACEGID tí Christian Happi ń darí, tí Báńkì Àgbáyé wà lára àwọn tó fowó ràn án lọ́wọ́ láti 2014, ka àkọsílẹ̀ àbùdá kòkòrò àrùn COVID-19 tó kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà láàárín ọjọ́ díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹta 2020, èyí tí í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti fi kẹ́kọ̀ọ́ nípa ibà Lassa, àrùn tí kò sí ilé-iṣẹ́ olóògùn ńlá tó ń sáré tọ̀ ọ́, ló mú ọwọ́ wọn yá. Iṣẹ́ Lassa náà kò ní oníbàárà.

Ohun tó yẹ kí a ṣe kò ṣòro láti sọ. Kí TETFund ya apá kan nínú àpò ìwádìí sọ́tọ̀ fún ìwọ̀n ọlọ́jọ́ pípẹ́, tí a kò ní dá dúró kí ọdún mẹ́wàá tó pé, kí ìyanṣẹ́lódì má sì kàn án. Kí owó ìwádìí kọ̀ọ̀kan ní owó bátìrì, owó àtúnṣe àti owó oṣù òṣìṣẹ́ láàbù nínú, nítorí ẹ̀rọ tí kò ní olùtọ́jú kò yàtọ̀ sí àga. Kí ìgbìmọ̀ tó ń gbé olùkọ́ ga ka àkọsílẹ̀ tó pé, tí kò ní àlàfo, tí a sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, sí iṣẹ́ tó tó ìwé márùn-ún tí kò sí ẹni tó yẹ̀ wọ́n wò. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń fẹ́ ọjà tirẹ̀ lè wá bá yunifásítì dòwò pọ̀ pẹ̀lú owó tirẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí ó má wá. Owó ará ìlú ni kò yẹ kí a fi ṣe iṣẹ́ oníṣòwò fún un, nígbà tí iṣẹ́ tí oníṣòwò kò lè ṣe láéláé ń dúró de ẹni tí yóò ṣe é. Àwọn tó bá sì tún máa dìde sọ̀rọ̀ níbi ayẹyẹ ìgboyèjáde lọ́dún yìí, kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ gíwá tó pè wọ́n bóyá ẹ̀rọ ìwọ̀n òjò inú ọgbà náà ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.